51 Kì Í Ṣe 91: Nọ́ńbà Tí Ètò Kọ̀ǹpútà Fi Ń Jíṣẹ́

Àwọn oní-POS tó wà ní Arákàlẹ̀ àti lágbègbè Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan tí wọ́n ti ń kọ́ ìtumọ̀ nọ́ńbà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n. Oníbàárà á ki káàdì bọ ẹ̀rọ, á tẹ PIN, ẹ̀rọ á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, á wá tu risíìtì jáde. Bí 00 bá wà lára rẹ̀, owó ti kúrò ní àkáǹtì oníbàárà, kí oní-POS máa ka owó fún un. 51 ń sọ pé owó tó wà nílẹ̀ kò tó. 55, PIN kò bára mu. 54, ọjọ́ káàdì ti kọjá. 91, báǹkì tó ni káàdì náà kò dáhùn. Ẹni tó gba 51 á rọra fi káàdì sápò, á bá tirẹ̀ lọ, ẹni tó gba 91 á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe.” Àwọn méjèèjì ni kò rówó gbà. Ohun tó kàn láti ṣe ló yàtọ̀, nọ́ńbà orí bébà pélébé yẹn ló sì ya ọ̀nà wọn.

Inú ìlànà kan tó ń jẹ́ ISO 8583, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde lọ́dún 1987, ni àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ti wá. Òun ni ẹ̀rọ káàdì fi ń bá báǹkì sọ̀rọ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, títí dé orí tábìlì onígi lábẹ́ agboòrùn ní Yábà ní ìlú Oǹdó.

Ètò kọ̀ǹpútà ní ìbátan nọ́ńbà yìí, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ju ti POS lọ dáadáa. Ètò tó bá ti parí, ì báà parí wọ́ọ́rọ́wọ́ tàbí kó kú sójú ọ̀nà, máa ń fi nọ́ńbà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ètò tó pè é. Exit code ni àwọn tó ń kọ ètò ń pè é. Bí ọmọ tí ìyá rán lọ sọ́jà ni: ìyá kò sí níbẹ̀, kò mọ bí ọjà ṣe lọ, ohun tí ọmọ bá sọ nígbà tó dé ni yóò fi mọ̀ bóyá kó gbé ìkòkò kaná tàbí kó rán ẹlòmíràn. Àmọ́ ọmọ tibí yìí kò lè sọ ju nọ́ńbà kan lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kọ láíbúrárì, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn yóò fi kọ́ ètò tiwọn, gbọ́dọ̀ pinnu: nọ́ńbà mélòó ló tó? Kí ni kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jẹ́? Ta ni yóò kà á? Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà, kò sì tíì tán nílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jókòó ti kọ̀ǹpútà Linux ní ọgbà yunifásítì FUTA ní Ọbańlá ní Àkúrẹ́ lè fojú ara rẹ̀ rí i kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Kó wá fáìlì tí orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kó tẹ `grep Adebayo oruko.txt`, kó sì tẹ `echo $?` tẹ̀lé e. Bí orúkọ náà bá wà níbẹ̀, 0 ni yóò rí. Bí kò bá sí, 1. Bó bá ṣi orúkọ fáìlì náà tẹ̀, tí kò sí fáìlì bẹ́ẹ̀ rárá, 2. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: 1 kì í ṣe àṣìṣe. Ètò náà ṣiṣẹ́ rẹ̀ délẹ̀, ó wá orúkọ, kò rí i. 2 ló ń sọ pé wíwá pàápàá kò ṣeé ṣe. Bákan náà ni diff, tó ń fi fáìlì méjì wé ara wọn: 0 bí wọ́n bá dọ́gba, 1 bí wọ́n bá yàtọ̀, 2 bí wàhálà bá dé. Àwọn tó kọ irinṣẹ́ wọ̀nyí mọ̀ pé “kò sí” yàtọ̀ sí “mi ò ráyè wò ó.”

Ọgbọ́n yẹn náà sì máa ń ta ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní jàǹbá. Ọ̀pọ̀ ló ti kọ́ pé kí wọ́n máa fi `set -e` sókè ìwé àṣẹ wọn, kí iṣẹ́ lè dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí nọ́ńbà kan bá yàtọ̀ sí òdo. Ó dára. Àmọ́ lọ́jọ́ tí grep bá wá nǹkan tí kò rí i, 1 rẹ̀ á pa gbogbo iṣẹ́ náà, kò ní fọhùn, ẹni tó kọ ọ́ á sì máa wá àṣìṣe tí kò sí kiri.

Òdo fúnra rẹ̀ ń rú àlejò lójú. Ẹni tó gba òdo nínú ìdánwò mọ ohun tó ṣe é. Ní Unix, ìdílé ètò ìpìlẹ̀ tí Linux wà nínú rẹ̀, òdo ni àṣeyọrí. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: ọ̀nà kan ni iṣẹ́ fi ń yọrí sí rere, ọ̀nà tó fi ń bàjẹ́ pọ̀, òdo kan ṣoṣo ló sì wà láàárín nọ́ńbà tó kù. Kì í ṣe gbogbo ayé ló gbà bẹ́ẹ̀. Lórí VMS, ètò ìpìlẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Digital ṣe fún kọ̀ǹpútà VAX, nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì ni àṣeyọrí, èyí tó ṣeé pín sí méjì ni ìkùnà. Nígbà tí wọ́n jókòó kọ òfin èdè C tó jáde lọ́dún 1989, wọ́n rí i pé àwọn kò lè fi Unix pọ́n VMS lójú. Wọ́n dá orúkọ méjì sílẹ̀, EXIT_SUCCESS àti EXIT_FAILURE, wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan mú nọ́ńbà tó bá a lára mu fún wọn, wọ́n sì ní kí òdo máa jẹ́ àṣeyọrí níbi gbogbo. Ibẹ̀ ni wọ́n fi mọ. Ẹni tó fẹ́ sọ ju “ó ṣe é ṣe” àti “kò ṣe é ṣe” lọ, kó lọ wá ọgbọ́n ara rẹ̀ dá.

Àyè tí wọ́n fún nọ́ńbà náà sì kéré. Bit mẹ́jọ péré ló ń dé ọ̀dọ̀ shell, ètò tó ń gba àṣẹ tí ènìyàn tẹ̀, lórí Unix àti Linux, ìyẹn láti 0 dé 255. Bí ètò kan bá sọ pé 256, ohun tó kọjá bit mẹ́jọ á já dànù, 0 ló sì máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rán an níṣẹ́. Ẹni tó bá ń ṣe ètò àyẹ̀wò tó ń fi iye àṣìṣe tó rí ṣe nọ́ńbà ìparí rẹ̀, lọ́jọ́ tí àṣìṣe bá pé 256 gẹ́lẹ́, ó ti kéde àṣeyọrí. `sys.exit(256)` nínú èdè Python á fi í hàn ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiyèméjì. Èdè Rust ló rí èyí tó sì dí ojú ihò náà pa: irúfẹ́ ExitCode tó fi sínú láíbúrárì rẹ̀ ní ẹ̀dà 1.61, lọ́dún 2022, kì í gba nọ́ńbà tó ju 255 lọ. Haskell ní ọgbọ́n tirẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pani lẹ́rìn-ín: ẹni tó bá kọ `ExitFailure 0`, pé òun kùnà ṣùgbọ́n kí nọ́ńbà òun jẹ́ ti àṣeyọrí, láíbúrárì náà á kọ̀ ọ́ fún un.

Ká ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan wà ní ìlú Oǹdó, tí ìwé owó ọmọ ẹgbẹ́ wà lórí kọ̀ǹpútà kékeré kan ní ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wọn ṣe é kí ẹ̀dà ìwé náà máa pamọ́ lálaalẹ́, ó sì kọ `pg_dump ajeseku | gzip > eda.gz`. Ìlà kan péré. Ètò àkọ́kọ́ ń da ìwé owó jáde, èkejì ń fún un pọ̀ kó lè kéré. Ní òru ọjọ́ kan, ètò tó ń tọ́jú ìwé owó náà kò dìde, pg_dump kò rí ohun kankan dà, ó sì fi nọ́ńbà ìkùnà sílẹ̀. Gzip gba òfìfo, ó fún òfìfo pọ̀ dáadáa, ó sì jáde pẹ̀lú 0. Nínú irú ìtò báyìí, nọ́ńbà ẹni ìkẹyìn nìkan ni shell máa ń gbà. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ti yọrí. Fáìlì tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ kò ju nǹkan bíi báìtì 20 lọ, kò sì sí ẹni tó máa wò ó títí di ọjọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀.

`set -o pipefail` ni oògùn rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, ìkùnà ẹnikẹ́ni nínú ìtò náà á di ìkùnà gbogbo wọn. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú shell tó ń jẹ́ bash, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ọdún 2024 ti POSIX, ìlànà tí Unix ń tẹ̀ lé, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sínú òfin. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é.

Nígbà mìíràn ètò kì í fúnra rẹ̀ jáde. Wọ́n máa ń lé e jáde ni. Shell á wá fi 128 kún nọ́ńbà àmì tó pa á. Ẹni tó tẹ Ctrl àti C láti dá ètò dúró á rí 130, nítorí àmì 2 ni. 139 ni ètò tó fọwọ́ kan ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú ìrántí kọ̀ǹpútà. 143 ni èyí tí wọ́n bẹ̀ pé kó máa lọ, tó sì gbà. 137 ló burú jù, àmì 9, àpalù: kò sí ìkìlọ̀, ètò náà kò ráyè palẹ̀ mọ́. Lórí sáfà tí ìrántí rẹ̀ kéré, Linux fúnra rẹ̀ ló máa ń yan ẹni tí yóò pa báyìí kí àwọn yòókù lè mí. Ṣùgbọ́n ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, ẹni tí kò ní inverter mọ ikú mìíràn tí kò ní nọ́ńbà rárá: BEDC, ilé iṣẹ́ iná, mú iná lọ. Ètò náà kò sọ 137, kò sọ ohunkóhun. Ẹni tó ń retí ìdáhùn rẹ̀ kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀, ó dé ìdajì, àbí ó ku díẹ̀ kó parí.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú gidi láti to gbogbo èyí ni Eric Allman, ní Yunifásítì California ní Berkeley. Ètò ìfìwéránṣẹ́ ló ń kọ, èyí tó di sendmail nígbà tó yá. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ó to àwọn nọ́ńbà ìparí sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ sysexits.h, fáìlì náà sì bá Unix Berkeley jáde. Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, nítorí ó mọ̀ pé gbogbo ayé ti ń lo 1 àti 2 bó ṣe wù wọ́n. Orí 64 ló ti bẹ̀rẹ̀, àtẹ náà sì dúró sórí 78 lónìí. 64, àṣẹ tí wọ́n pa kò bójú mu. 65, ohun tí wọ́n kó wá kò dára. 66, fáìlì tí wọ́n ní kó kà kò sí. 67, ẹni tí wọ́n kọ ìwé sí kò sí. 69, iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kò sí ní àrọ́wọ́tó. 70, àṣìṣe wà nínú ètò náà fúnra rẹ̀. 77, kò ní àṣẹ láti ṣe é. 78, ètò tí wọ́n tò sílẹ̀ fún un kò tọ́.

75 ni ohun iyebíye inú gbogbo rẹ̀. Ó ń sọ pé: kò tíì ṣeé ṣe báyìí, ẹ padà wá. Ìwé tí ẹ̀rọ tó ń lọ bá kò dáhùn kò yẹ kó padà sọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ó yẹ kó dúró lórí ìlà, kí wọ́n tún gbìyànjú rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Sendmail mọ ìyàtọ̀ yẹn nítorí ètò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fi 75 jíṣẹ́ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí tí nọ́ńbà púpọ̀ fi yẹ kó wà, èyí ni ìdáhùn tó lágbára jù lọ. Ohun mẹ́rìnlá tó kù, ẹjọ́ ta ló jẹ̀bi ni wọ́n ń dá; 75 nìkan ló sọ ohun tí ẹni tó ń gbọ́ máa ṣe.

Iṣẹ́ Allman dára, ṣùgbọ́n kò di òfin. Àwọn ẹlòmíràn mú nọ́ńbà tó wù wọ́n. Nínú Automake, tó ń bá àwọn tó ń kọ ètò ṣe àyẹ̀wò, 77 túmọ̀ sí pé “ẹ fo àyẹ̀wò yìí,” nígbà tí sysexits ní kò sí àṣẹ. 125 ni wọ́n ń sọ fún git bisect, irinṣẹ́ tó ń wá ẹ̀dà tí àṣìṣe ti wọ inú ètò, bí wọ́n bá fẹ́ kó fo ẹ̀dà kan. 125 náà ni Docker ń fi sọ pé òun fúnra òun ló kùnà, kì í ṣe ohun tí wọ́n ní kí òun gbé ṣiṣẹ́. Irinṣẹ́ tó ń jẹ́ timeout náà sì ń lò ó bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn oní-POS, ó tún kọjá ẹ̀rín: 75 tí Allman fi ń pe ènìyàn pé kó padà wá, nínú ISO 8583 ohun tó ń sọ ni pé oníbàárà ti ṣi PIN tẹ̀ jù, kó fi ẹ̀rọ sílẹ̀.

Báwo ni láíbúrárì òde òní ṣe ṣe é? Kò dọ́gba. Python kó gbogbo orúkọ Allman wọlé, os.EX_USAGE, os.EX_TEMPFAIL àti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n lórí Unix nìkan ni wọ́n dájú. Ẹni tó bá gbé ètò rẹ̀ lọ sórí Windows lè má bá wọn níbẹ̀. Argparse, tó ń ka àṣẹ tí ènìyàn tẹ̀ nínú Python kan náà, kò sì bìkítà fún 64 wọn. 2 ló ń fi jáde bí àṣẹ kò bá tọ́. Àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò mú nínú Python ń jáde pẹ̀lú 1, Java náà bẹ́ẹ̀. Rust yan 101 fún ètò tó bá ta gbọ̀ọ́n-gbọ̀ọ́n tó sì dákú, ohun tó dára ni, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó sábà ń lo 101. Bí wọ́n bá rí i nínú àkọsílẹ̀, wọ́n mọ irú ẹni tó kú. Go ló ṣe èyí tó dùn mí jù: ètò tó dákú nínú Go ń jáde pẹ̀lú 2, láíbúrárì rẹ̀ tó ń ka àṣẹ náà ń jáde pẹ̀lú 2 bí ènìyàn bá ṣi àṣẹ pa. Ẹni tó gba 2 kò mọ̀ bóyá òun ló ṣì í tàbí ẹni tó kọ ètò. Ẹni tó bá sì fi `go run` gbé ètò náà, 1 ni yóò gbà, nọ́ńbà ìkùnà yòówù tí ètò inú rẹ̀ ì báà sọ. Symfony, tí àwọn tó ń kọ PHP ń lò, dá orúkọ mẹ́ta péré sílẹ̀: SUCCESS jẹ́ 0, FAILURE jẹ́ 1, INVALID jẹ́ 2. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni ti curl, ètò tí Daniel Stenberg bẹ̀rẹ̀, tó ń gbé fáìlì wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ bí ewé: 6, kò mọ ilé tí orúkọ náà ń tọ́ka sí, 7, ó mọ ilé, wọn kò ṣílẹ̀kùn fún un, 28, ó dúró títí ó sú u, 60, ìwé ẹ̀rí ààbò ibẹ̀ kò ṣeé gbà gbọ́. Ẹni tó ń lo dátà lóru ní Ọbákékeré ní Àkúrẹ́, tí nẹ́tíwọ̀kì ń lọ tó ń bọ̀, 6 àti 28 ló máa mọ̀ jù. Ìwọ̀nyí kò di ẹrù fún ẹnikẹ́ni, nítorí gbogbo wọn ló wà nínú ìwé ìtọ́ni pẹ̀lú àlàyé, wọn kì í sì í sábà yí ìtumọ̀ wọn padà. Rsync náà ń fi 24 sọ pé àwọn fáìlì kan pòórá nígbà tí òun ń ṣẹ̀dà wọn, kì í ṣe ẹ̀bi òun. Ọ̀pọ̀ alábòójútó sáfà ló máa ń ka 24 sí àṣeyọrí, wọ́n sì mọ ìdí rẹ̀. Nọ́ńbà púpọ̀ kò burú fún ètò tó bá ní ẹni tó ń ka nọ́ńbà. Ohun tó burú ni kí láíbúrárì da ogún nọ́ńbà sílẹ̀ láìkọ ìtumọ̀ ọ̀kan.

Àwọn tó ń kọ ètò owó ní Nàìjíríà náà ti lọ jìnnà lórí ìbéèrè nọ́ńbà mélòó ló tó, bóyá láìmọ̀ pé ìbéèrè kan náà ni. NIBSS, ilé iṣẹ́ tí àwọn báǹkì dá sílẹ̀ láti máa ṣírò owó láàárín ara wọn, gbé ètò ìfowóránṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ kan jáde lọ́dún 2011. Òun ni owó tí ìyálọ́jà ní Àkúrẹ́ fi ránṣẹ́ sí báǹkì mìíràn ń gbà kọjá. Ètò náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó sì jọ ti ISO 8583 díẹ̀: 00 ṣì ni àṣeyọrí, 51 ṣì ni owó tí kò tó, 91 ṣì ni báǹkì tí kò dáhùn. Àmọ́ níbẹ̀ 06 ń sọ pé àkáǹtì ti sùn, nígbà tí 06 inú ti káàdì kàn ń sọ pé àṣìṣe wà. 14 inú ti káàdì jẹ́ nọ́ńbà káàdì tí kò tọ́, 14 inú ti ìfowóránṣẹ́ kò kan káàdì rárá. Ẹni tó bá kọ láíbúrárì kan fún méjèèjì, tó sì lo àtẹ kan náà, á máa sọ fún oníbàárà pé káàdì rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tí kò mú káàdì kankan jáde.

Ibi tí wọ́n ti ju Unix lọ ni ìdáhùn kẹta. Ètò ìfowóránṣẹ́ yìí ní 01, tó ń sọ pé a kò tíì mọ bó ṣe jẹ́. 09, pé iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. 68 àti 97, pé ìdáhùn pẹ́ jù. Bí ìwé tí sendmail ń gbé bá lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó gbà á á rẹ́rìn-ín, á pa ọ̀kan rẹ́. Bí ₦50,000 bá lọ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ di ti báǹkì. Nítorí náà “tún un ṣe” kò lè jẹ́ ìdáhùn sí gbogbo ohun tí kò yọrí, ìdáhùn kan wà tó gbọ́dọ̀ sọ pé “má tún un ṣe, lọ wádìí ná.” Fún ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì bẹ́ẹ̀ náà, 26 àti 94 wà nílẹ̀ láti sọ fún un pé irú èyí ti kọjá tẹ́lẹ̀.

Gbogbo Ìpínlẹ̀ Oǹdó, bíi gbogbo Nàìjíríà, kọ́ èyí lágbára ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Báńkì Àpapọ̀ ti kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 pé àwọn máa pààrọ̀ owó bébà. Nígbà tí gbèdéke dé, owó tuntun kò sí, owó àtijọ́ kò ṣeé ná, ìfowóránṣẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀nà kan ṣoṣo fún ẹni tó fẹ́ ra tòmátì. Òpó tó gbé e kò lè gba gbogbo ènìyàn. Oníbàárà á ní owó ti kúrò lọ́wọ́ òun. Ọlọ́jà á ní òun kò rí àlẹ́ẹ̀tì. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Ní èdè nọ́ńbà, 09 ni wọ́n dúró lé lórí, kò sì sí ẹni tó bá wọn túmọ̀ rẹ̀; ohun tí ojú fóònù ń sọ ni pé “ó ti lọ” tàbí “kò lọ.” Ọ̀pọ̀ ló tún un fi ránṣẹ́, tí wọ́n sì wá ń bẹ ọlọ́jà lẹ́yìn ọjọ́ kejì pé kó dá ọ̀kan padà. Ní oṣù kẹta ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ owó títí di ìparí ọdún náà, tí ìdààmú fi rọlẹ̀.

Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ti mọ̀ ṣáájú ìgbà náà pé ìdáhùn kẹta yìí nílò àkókò. Ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2020 fún báǹkì ní wákàtí 48 láti dá owó padà bí ATM báǹkì mìíràn bá yọ owó láìsan án, àti wákàtí 72 fún ti POS. Ẹ̀rọ iná alásansílẹ̀ tó wà lára ògiri ilé náà mọ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tẹ nọ́ńbà 20 orí tókìn sínú rẹ̀, tó ṣi ọ̀kan tẹ̀, ẹ̀rọ á kọ̀ ọ́, kó tún un tẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dáadáa tí iná fi lọ lójú ẹsẹ̀, tó wá tún un tẹ̀, ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á sọ fún un pé wọ́n ti lo tókìn yìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó sì mọ̀ pé owó òun ti wọlé láti ìgbà àkọ́kọ́.

Nínú àwọn láíbúrárì tí a yẹ̀ wò, kò sí ọ̀kan tó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Sysexits mọ “tún un ṣe,” kò mọ “lọ wádìí.” Àwọn yòókù, yàtọ̀ sí Python tó yá orúkọ rẹ̀, kò mọ ọ̀kankan. Paystack, ilé iṣẹ́ ìsanwó tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2015, yẹra fún nọ́ńbà fún àwọn tó ń lò ó. Ọ̀rọ̀ ló ń fi dáhùn, “success,” “failed,” “pending,” “reversed” àti irú bẹ́ẹ̀, ètò tó sì gba “pending” kò lè fi ṣe àṣeyọrí tàbí ìkùnà. Ọ̀nà tó dára ni, ṣùgbọ́n ètò tó ń jáde lórí Unix kò ní ẹnu fún ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà kan ló ní.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ́ kan ní Àkúrẹ́ ló fẹ́ kọ láíbúrárì fún àwọn ètò tó ń fowó ránṣẹ́ lálẹ́, owó oṣù òṣìṣẹ́ tàbí owó àjẹṣẹ́kù, a lè sọ ohun tó yẹ kó ṣe láìfọ̀rọ̀ gùn. Kó fi 0 sílẹ̀ fún àṣeyọrí nìkan. Kó fi 1 fún ohun tí kò tíì ní orúkọ, kó fi 2 fún àṣẹ tí wọ́n ṣì pa, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Kó yá 75 lọ́wọ́ Allman fún èyí tí ẹni tó pè é lè tún ṣe láìséwu. Fún “lọ wádìí,” kó mú nọ́ńbà tirẹ̀. Go gba àwọn tó ń lò ó nímọ̀ràn pé kí wọ́n má kọjá 125. Sysexits ti gba 64 dé 78. Automake ní 99, Rust ní 101, irinṣẹ́ xargs ń lo 123 àti 124, timeout ń lo 124 bí àkókò bá tán, git bisect àti Docker ti ń du 125. Nínú àwọn tí a kà yìí, àyè ṣì wà láàárín 79 sí 98. Kó yan ọ̀kan níbẹ̀, kó kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sínú ohun tí `--help` ń tẹ̀ jáde, kó sì jẹ́ kí ètò náà kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ owó náà sójú ìlà àṣìṣe kó tó jáde, kí ẹni tó bá jí ní agogo mẹ́fà àárọ̀ lè rí ohun tí yóò bi báǹkì léèrè.